Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní orúkọ yín

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Adido)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa olè orí fóònù. Mi ò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà o. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí ìwé ni ìjọba ń wá.

Láyé àtijọ́, olè a máa fọ́ ilẹ̀kùn. Ti ìsinsìnyí kì í fọ́ nǹkan kan, àwa la máa ń ṣílẹ̀kùn fún un. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Fóònù á dún: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fowó ránṣẹ́ sí yín, ẹ bá mi dá a padà." Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti wọlé lóòótọ́, ó sì jọ ti MoMo tàbí Moov Money. Àmọ́ nọ́ńbà èèyàn lásán ló ti wá, kò sówó kankan tó wọlé. Bí ẹ bá dá a padà, owó yín gan-an lẹ kó fún un. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tó wà nínú àpò yín fúnra yín.

Òmíràn á ní ilé-iṣẹ́ fóònù lòun ti ń pè, pé wọ́n fẹ́ ti àpò yín pa, kí ẹ sọ kóòdù yín. Irọ́ ni. Ṣé ẹ rántí 30 oṣù kọkànlá 2024, tí wọ́n fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà ní Bẹ̀nẹ̀? Ta ló ní láti sọ kóòdù rẹ̀ kí nọ́ńbà rẹ̀ tó yí padà? Àwa àgbà náà, ẹ jẹ́ ká yéé sọ kóòdù wa fún ọmọ tó jókòó sídìí owó. Ká fọwọ́ ara wa tẹ̀ ẹ́.

Ti WhatsApp náà ńkọ́? Bí wọ́n bá fi kóòdù onínọ́ńbà 6 ránṣẹ́ sí yín, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gbà á yóò gba WhatsApp yín, yóò sì máa fi orúkọ yín tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín ní Kútọnu àti Èkó.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé. Láti ìgbà RAVIP ní 2017 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ wa sọ́dọ̀ ANIP, tí kálukú sì ní nọ́ńbà NPI tirẹ̀. Inú ìwé yẹn náà ni wọ́n ti ń yọ orúkọ àwọn tó máa dìbò. Tí ọ̀dọ́ kan bá wá ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n fi ìwé yín ra káàdì SIM, màá fún yín lówó ọbẹ̀," ẹ má gbà. Bí gaïman bá fi SIM yẹn lu ẹnì kan ní jìbìtì ní Faransé, orúkọ yín ni àwọn CNIN máa rí. Òfin wà: Code du numérique, nọ́ńbà 2017-20, ti 20 oṣù kẹrin 2018. Ẹ lè ṣàlàyé, àmọ́ kí ẹ tó ṣàlàyé tán, ẹ ti lè bá ara yín níwájú CRIET. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ti ìyá yín síbẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá sì ti jà lólè, kó má fi pa mọ́. Ìtìjú wa ni olè ń jẹ. Kó tètè pe ilé-iṣẹ́ fóònù rẹ̀, kó sì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún: kí a máa kéde ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ ọjà, kí àwọn ọmọ ilé ìwé kọ́ àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń tẹ kóòdù fúnra wọn, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ṣe yẹ̀yẹ́.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.