ERÉ TÍ ẸNI TÓ ṢE É KÒ PARÍ

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa bá ẹgbẹ́ sọ níbi àpèjọ wa ní Ìkirè)

   

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo rí i pé alága ti ń wo aago. Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n dé ìdí ọ̀rọ̀ ná.

Ṣé ẹ rántí ilé géèmù tó wà ní Àpòmù nígbà tí a wà ní SS 2? Yàrá kan péré, tẹlifíṣàn méjì, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé tó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Mario la máa ń gbá níbẹ̀: ọkùnrin kúkúrú onírunmú tó ń sáré, tó ń fò, tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ kan bíríkì. Bó o bá jìn sí kòtò, ẹ̀mí kan lọ. Bí ẹ̀mí bá tán, ó di ti ẹlòmíràn. Ẹni tí kò lówó á dúró lẹ́yìn, á máa pariwo pé, "Fò ó! Fò ó!" Olùkọ́ ìṣirò wa tó jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn mọ ilé náà dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti wá kó àwa mẹ́fà lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Ẹ ṣé, sà. Ẹgba yẹn ṣiṣẹ́.

Ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà yẹn kò sí mọ́. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì mọ ẹni tí mò ń wí. Òun ló mọ Mario gbá jù nínú wa. Òun náà ló gbà láti kọ ìtàn ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Ó ń kọ orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá fọ́tò wa kiri ilé àwọn òbí wa. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ìsinmi Kérésì tó kọjá, ọmọbìnrin mi kékeré, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wá bá mi nílé wa ní Orílẹ̀-Òwu. Ó ní, "Dádì, ẹ wá wo Mario yín." Mo wò ó. Mario ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tí a mọ̀. Nǹkan inú eré àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, ti eré kẹta náà wà níbẹ̀. Kódà Link, ẹni tó ń fi idà jà nínú eré mìíràn pátápátá, wà níbẹ̀. Ẹni méjì lè jọ gbá a lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi mú Mario, ọmọ mú Luigi. Mo bi í pé ta ló ṣe irú èyí. Ó ní kì í ṣe ilé-iṣẹ́ Nintendo, ẹnì kan tó fẹ́ràn Mario ni.

Mo wádìí ọ̀rọ̀ náà. Super Mario Bros. X lorúkọ eré ọ̀hún. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Andrew Spinks, tí àwọn ọ̀tá-géèmù mọ̀ sí Redigit, ló bẹ̀rẹ̀ sí í pín in lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2009. Kì í ṣe òun ló ni Mario, kò sì gbàṣẹ. Ní 2011, Nintendo kọ̀wé sí i lórí orúkọ ìkànnì tó ń lò. Iṣẹ́ náà dúró. Ẹ̀dà 1.3 ló bá a dé. Mi ò dá Nintendo lẹ́bi o. Bí ẹnì kan bá ń fi orúkọ ìyá rẹ pín dòdò Ìkirè kiri, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, o ò ní dákẹ́. Spinks kò sì jókòó kó máa sunkún. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà ló gbé eré tirẹ̀ jáde, Terraria, èyí tí wọ́n ti tà ju mílíọ̀nù 40 lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó kàn wá nìyí. Spinks fi irinṣẹ́ sínú eré àkọ́kọ́ yẹn, tí ẹnikẹ́ni fi lè kọ́ ìpele tirẹ̀: kó to bíríkì, kó gbẹ́ kòtò, kó gbé ilẹ̀kùn síbi tó wù ú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kọ́ tiwọn. Àwọn kan parí, àwọn kan kò parí.

Èyí tí èmi àti ọmọ mi ń gbá, ẹnì kan tí a kò mọ̀ rárá ló kọ́ ọ. A gun òkè, a kọjá odò, a wá dé ibi tí ilẹ̀ tán. Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí ohunkóhun níwájú. A fò, a kú. A tún fò, a tún kú. Mo ní bóyá a ò mọ̀ ọ́n fò ni. Ọmọ mi ní, "Rárá o, Dádì. Ẹni tó ṣe é ló dúró síbí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Torí nígbà tí a sin ọ̀rẹ́ wa tán, tí a lọ sílé rẹ̀ láti gba ìwé ìtàn, kí la bá? Ìwé àjákọ kan. Àwa 118 la jáde ní 1996. Orúkọ 61 ló wà níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn, orúkọ bàbá nìkan ló kọ, kò tíì kọ ti ọmọ. Inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni fọ́tò wà, kò sì sẹ́ni tó mọ pásíwọ́ọ̀dù. Ìyàwó rẹ̀ gbìyànjú títí. Oníṣẹ́ gbìyànjú, ó bà á jẹ́ pátápátá. Ibi tí ilẹ̀ tán nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ lójú gbogbo yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pè mí pé kí n wá gba ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo sọ fún un pé, "Parí rẹ̀ ná." Mo rò pé mò ń fún un níṣìírí ni. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí eré. Bí mo ṣe ń ronú, ọmọ mi ti ṣí irinṣẹ́ ìkọ́lé yẹn. Ó to bíríkì méje sórí kòtò náà, ó ní, "Ẹ gbá a wò." Mario kọjá! Ibẹ̀ ló wà tó ń kọ́ òdìkejì nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Kò mọ ẹni tó kọ́ apá àkọ́kọ́. Kò bèèrè bóyá ó dára tó. Ẹni yẹn fi sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó, ìyẹn náà ló ṣe é.

Spinks alára ṣe bẹ́ẹ̀ níkẹyìn. Ní oṣù kejì 2020, ó gbé gbogbo àkọsílẹ̀ tó fi ṣe eré náà síta fún aráyé. Àwọn mìíràn gbà á, wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà mìíràn tún un kọ, wọ́n pè é ní TheXTech. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù báyìí.

Kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ní 1990, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Louisiana, John Carmack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe àdàkọ Super Mario Bros. 3 fún kọ̀ǹpútà, wọ́n fi han Nintendo. Nintendo kò fẹ́. Wọn kò parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe Commander Keen kí ọdún yẹn tó parí. Ẹ̀dà kan ṣẹ́kù nínú díìsìkì. Ní 2021, ilé ìṣúra eré tí wọ́n ń pè ní The Strong, ní Rochester, gbà á sí ìpamọ́.

Àwa ọmọ Òwu ló yẹ kó tètè yé. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìtàn pé orí ataare ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jà Àpòmù, tó fi di ogun, tí wọ́n fi wó Òwu ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún un kọ́. Àwọn èèyàn wa fọ́n ká, àwọn kan dé Abẹ́òkúta. Síbẹ̀, ilé wa wà ní Orílẹ̀-Òwu lónìí, ibẹ̀ ni mo ti gbá eré. Àwọn tó padà wá kò bá ilé. Wọ́n bá orúkọ àti ojú ilẹ̀, ìyẹn sì tó wọn í bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ìwé kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti da orúkọ 61 yẹn kọ síbẹ̀. Bí orúkọ rẹ kò bá sí níbẹ̀, kọ ọ́. Bí o bá mọ ti ẹni tí kò wá, tàbí ti ẹni tó ti lọ, kọ ọ́. Bí ó bá ṣe pé inú ìwé ìròyìn yìí lo ti ń ka ọ̀rọ̀ mi, fi tìrẹ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, tòun ti fọ́tò kan. Ẹ̀dà mẹ́ta la ó máa ṣe lọ́dọọdún: ọ̀kan sọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan sí láíbìrì ilé ìwé, ọ̀kan sọ́wọ́ àwọn àbúrò wa tó jáde lẹ́yìn wa. A ò ní dúró dìgbà tó bá parí.

Àwọn àgbà ní iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ ẹ̀ rọ́pò. Ìkirè la wà, ta ló fẹ́ kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀? Ọlọ́run á jẹ́ ká rí ẹni bá wa parí èyí tí ọwọ́ wa kò bá ká.

Alága, mo ti ṣe tán. Bírò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà.