Ṣé Ìpolówó Lórí Facebook Ni Yóò Mú Kí Google Mọ Gààrí Wa?

Ọ̀rọ̀ tí alábẹ̀wò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìdèrè

 

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ti ń fa àríyànjiyàn nínú ìpàdé ẹgbẹ́ mélòó kan ní agbègbè wa. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń lọ láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́. Wọ́n ń sọ pé bí ẹgbẹ́ bá lè san iye báyìí lóṣooṣù, àwọn yóò máa polówó ọjà rẹ̀ lórí Facebook àti Instagram, títí tí yóò fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá wá gààrí Ìbàràpá lórí Google, orúkọ ẹgbẹ́ náà ni yóò kọ́kọ́ rí. Ẹgbẹ́ kan, tí n kò ní dárúkọ, ti múra láti kó èrè ọdún tí ó yẹ kí ó pín fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lé e lórí. Owó ọmọ ẹgbẹ́ sì ni. Kì í ṣe owó alága, kì í ṣe owó akọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀. Facebook, Instagram àti WhatsApp, ọjà ni wọ́n. Èrò pọ̀ níbẹ̀, ariwo pọ̀, olúkúlùkù ń kiri ohun tí ó gbé lọ́wọ́. Google kì í ṣe ọjà. Ó dà bí àgbàlagbà kan tí ó jókòó sí oríta, tí àlejò ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, ‘Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni mo ti lè rí èlùbọ́ gidi rà?’ Bí ó ṣe ń mọ ìdáhùn ni pé ó ní àwọn ìránṣẹ́, ẹ̀rọ ni wọ́n o, tí wọ́n ń lọ ka gbogbo ojú ìwé tí a bá tẹ́ sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò sí ìlẹ̀kùn níwájú rẹ̀. Ó ń kó ohun tí wọ́n kà pa mọ́. Bí a bá bi í ní ìbéèrè, ó ń wo èyí tí ó bá ìbéèrè náà mu, ó sì tún ń wo èyí tí àwọn ojú ìwé mìíràn tọ́ka sí. Láti 1998 tí Larry Page àti Sergey Brin ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni ìtọ́ka yìí ti jẹ́ òpó pàtàkì níbẹ̀. Bí ojú ìwé tí ó níyì bá tọ́ka sí tìrẹ, ó jẹ́rìí rẹ nìyẹn.

Ǹjẹ́ ariwo tí a ń pa nínú ọjà ń dé etí ẹni tí ó wà ní oríta? Díẹ̀ ni ó ń dé ibẹ̀. Ohun tí a bá sọ láàárín ẹgbẹ́ WhatsApp, inú ilé ni a ti sọ ọ́. Google kò lè wọlé gbọ́ ọ. Púpọ̀ nínú ohun tí ó wà lórí Facebook ni ó jẹ́ pé ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò lè rí i. Bí a bá tilẹ̀ kọ àdírẹ́sì ojú ìwé wa síbẹ̀, àmì kan wà tí Google dá sílẹ̀ ní 2005, tí onílé lè fi sí ara ìtọ́ka láti fi sọ pé, ‘Èmi kò ṣe onígbọ̀wọ́ èyí o.’ Irú àmì yìí ni àwọn ilé ńlá wọ̀nyí sábà máa ń fi sára ohun tí àlejò bá kọ sí wọn. Láti 2019 Google ní òun kò ka àmì náà sí àṣẹ mọ́, pé àbá ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó torí èyí kó owó ẹgbẹ́ jáde. Ní 2014, Matt Cutts, tí ó wà lára àwọn ọ̀gá Google nígbà náà, sọ ní gbangba pé iye ènìyàn tí ń tẹ̀ lé ọ lórí Facebook tàbí Twitter kò sí nínú ohun tí àwọn fi ń to orúkọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ta ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá olùtẹ̀lé fún yín, kí orúkọ yín lè ga lórí Google, òjìji ni ó ń tà. Olùtẹ̀lé tí a fi owó rà kì í jẹ gààrí.

Ẹ wo ìlú tí a jókòó sí yìí. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, àwọn olùkọ́ láti Yunifásítì Ìbàdàn wá sí Ìdèrè nítorí àrùn ṣòbìyà. Wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn láti máa fi aṣọ sẹ́ omi mu, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí àwọn dókítà ń kà káàkiri ayé. Ẹni tí ṣòbìyà mú kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 2008 ni. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní orílẹ̀-èdè wa. Àrùn lọ, ṣùgbọ́n ìwé kò lọ. Ìwé wọ̀nyẹn wà níbẹ̀ títí di òní, àwọn ìwé mìíràn sì ń tọ́ka sí wọn. Àwa tí a ní gààrí, tí a ní ẹ̀gúsí, kí ni a ti kọ tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí?

Àwọn ará Igbó-Ọrà, aládùúgbò wa, ẹ ò rí i bí orúkọ wọn ṣe kàn? Láti àwọn ọdún 1960 ni Dókítà Patrick Nylander ti ń ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe ń bí ìbejì ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn oníwèé ìròyìn ti òkèèrè wá lẹ́yìn náà, àwọn ará ìlú sì dá ọdún ìbejì sílẹ̀ ní 2018. Fọ́tò ìbejì pọ̀ lórí Facebook lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́kọ́ gbé ìlú náà jáde ni ohun tí a kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀, tí ẹlòmíràn kà, tí òun náà tún kọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ní kí a pa Facebook tì. Àwọn àgbà ní ìpolówó ni àgúnmu òwò. Ọmọ wa tí ó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, WhatsApp ni yóò fi béèrè iye tí àpò gààrí kan jẹ́, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti rà á. Ọjà tí a tà níbẹ̀, ọjà ni. Ẹlòmíràn yóò rí wa lórí Facebook lónìí, yóò sì fi orúkọ wa wá wa lórí Google lọ́la. YouTube pàápàá, Google ni ó ni ín láti 2006, fídíò tí ó bá fi bí a ṣe ń yan gààrí hàn sì lè jáde nígbà tí ènìyàn bá ń wá a. Láti oṣù Keje 2025, Instagram náà ti ń jẹ́ kí Google rí ohun tí àwọn oníṣòwò bá gbé síbẹ̀ ní gbangba. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ tí a kọ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákú pọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ní ọdún yẹn kan náà, láti oṣù Kẹfà títí di oṣù Kìíní 2022, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Ẹni tí kò ní ìsọ̀ mìíràn, báwo ni ó ti ṣe?

Bí ẹ bá bi mí, ohun àkọ́kọ́ tí n óò ní kí ẹgbẹ́ ṣe kò ní san kọ́bọ̀ fún Google. Google ní àyè kan tí oníṣòwò lè forúkọ ìsọ̀ rẹ̀ sí, kí ó lè hàn lórí máàpù. Google Business Profile ni wọ́n ń pè é láti 2021. Bí ènìyàn bá wá ohun kan nítòsí, ó ń wo bí ìsọ̀ ṣe bá ìbéèrè mu, bí ó ti jìnnà tó, àti bí ó ti lókìkí tó. Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ ń ṣí, kí ẹ ya fọ́tò ọjà yín gan-an. Kí oníbàárà tí ó ti rà á kọ ohun tí ó rí. Ẹ má ṣe fi owó ra ẹ̀rí èké. Google kọ̀ ọ́, wọ́n sì ń pa á rẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ojú ìwé tiwa. Ẹgbẹ́ kékeré kan kò lè dá a gbé, nítorí ọdọọdún ni a ń san owó orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a ń pè ní àpapọ̀? Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti dé ní 1935, ohun tí ó ju agbára ẹnì kan lọ ni a ń kó jọ ṣe. Kí àpapọ̀ ní ẹyọ kan, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀ nínú rẹ̀. Kí a kọ ohun tí oníbàárà ń béèrè síbẹ̀: ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ wà nínú àpò kí a tó yan án, kílò mélòó ni àpò kan, báwo ni yóò ṣe dé Èkó. Kí a kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú.

Ibi tí ó ń dun èmi alábẹ̀wò jù nìyí. Nínú ìwé tí mo ń yẹ̀ wò, mo ti rí ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ pé nọ́ńbà fóònù akọ̀wé ni wọ́n fi ṣí ojú ìwé Facebook. Nígbà tí akọ̀wé bá ẹgbẹ́ jà, ó bá ojú ìwé náà lọ, oníbàárà sì tẹ̀ lé e. A kì í fi kọ́kọ́rọ́ àpótí owó sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kí ẹgbẹ́ ra síìmù tirẹ̀. Kí a kọ páásíwọ́ọ̀dù sínú ìwé, kí a dì í, kí akápò tọ́jú rẹ̀. Kí ọmọ ìgbìmọ̀ méjì ó kéré tán lè wọlé.

Owó ìpolówó èyíkéyìí gbọ́dọ̀ gba iwájú ìpàdé gbogbogbòò, kí ó sì wà nínú ìwé ìpàdé. Kí ẹni tí ń gba owó kọ ohun tí yóò ṣe sílẹ̀, kí a sì bi í lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé àpò mélòó ni a tà nípa iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó má ka olùtẹ̀lé fún wa.

Alága ti gbé kọ̀ǹpútà kan sórí tábìlì yìí. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa bọ̀ níkọ̀ọ̀kan, kí ó tẹ orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sí Google lójú gbogbo wa, kí a wo ohun tí yóò jáde. Onígààrí Ìdèrè ni kí ó kọ́kọ́ wá.