Oògùn Kòkòrò àti Ológbò Inú Ilé

  

Ọ̀rọ̀ kòkòrò inú ilé ni a fẹ́ sọ lónìí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan tí a jọ wà ní kíláàsì ni ó mú mi sọ ọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Yọ̀rọ̀ pọ̀ nínú yàrá rẹ̀, ó ń jẹ àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀. Ìyá wa lọ sí ọjà, ó ra ìyẹ̀fun oògùn kan tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. Kò sí ìwé kankan lára ọ̀rá náà. Ẹni tí ó tà á fún un ní kò sí kòkòrò tí kò lè pa. Ìyá wa wọ́n ọn sí ilẹ̀ àti sí abẹ́ ẹní. Nígbà tí ó rí i pé yọ̀rọ̀ wà lára ológbò rẹ̀ pẹ̀lú, ó fi ìyẹ̀fun yẹn ra gbogbo ara rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu ológbò. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Wọ́n rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí eku fi ya àpò àgbàdo mẹ́ta tí ìyá wa tọ́jú láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ.

Kí ni ó pa ológbò yẹn? Ẹ wo bí ológbò ti ń ṣe nígbà tí ó bá jẹun tán. Yóò jókòó, yóò fi ahọ́n lá ọwọ́, yóò lá ẹ̀yìn, yóò lá ìrù. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń wẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀, inú rẹ̀ ni ó ń lọ. Bí ó bá rìn lórí ilẹ̀ tí a fọ́n oògùn sí, yóò lá a kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀, yóò sì gbé e mì.

Ohun kejì wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ májèlé di aláìlágbára nínú ara. Oògùn kòkòrò kan wà tí à ń pè ní permethrin. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn lè ṣẹ́gun rẹ̀ bí kò bá pọ̀, ti ajá náà lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ti ológbò kò lè ṣe é dáadáa. Nítorí náà, oògùn tí a rà fún eégbọn ara ajá, ẹ má ṣe fi kan ológbò láéláé, bí ó ti wù kí ó kéré mọ.

Ẹnìkan yóò béèrè pé, àwọ̀n ẹ̀fọn tí ìjọba ń pín ńkọ́? Oògùn wà lára rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò pọ̀, ó sì ti wọ inú òwú àwọ̀n. Bí ó bá ti gbẹ, kì í sábà ṣe ológbò ní nǹkan. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á, ẹ tú u, kí ẹ fi há abẹ́ òjìji fún ọjọ́ kan kí ẹ tó sùn lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, kí ológbò má sún mọ́ ọn títí yóò fi gbẹ, kí ó má sì fi ṣe ibùsùn. Ẹ má torí ológbò pa àwọ̀n tì o. Ibà ẹ̀fọn ń pa ọmọ wa.

Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù ni oògùn olómi inú ìgò kéékèèké tí ń ti Nàìjíríà wọlé, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Sniper. Dichlorvos ni orúkọ oògùn inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ nìkan lè ṣe ènìyàn léṣe. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC ti Nàìjíríà pàṣẹ pé kí wọ́n má ta ìgò rẹ̀ kékeré mọ́ ní ọjà gbangba. Síbẹ̀ àwọn kan ń fọ́n ọn sí yàrá tí ọmọ ń sùn, àwọn kan tilẹ̀ ń fọ́n ọn sí ẹ̀wà tí wọn yóò jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀wà kì í ṣe ibi oògùn yẹn. Eérú tí a jọ̀ dáadáa, tí a pò mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ nínú ìkòkò tí a dé pa, ń lé kòkòrò ẹ̀wà. Àwọn ìyá wa àgbà mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Báwo wá ni a ó ṣe pa yọ̀rọ̀? Ẹyin rẹ̀ kì í dúró lára ológbò. Ó ń jábọ́ sínú ẹní, sínú yanrìn, sínú ìsán ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ a hun ilé kékeré bo ara rẹ̀, oògùn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ilé yẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń fọ́n oògùn lónìí tí yọ̀rọ̀ tún ń jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ìgbálẹ̀ ni kí ẹ gbé. Ẹ gbá yàrá lójoojúmọ́, títí dé abẹ́ àpótí, kí ẹ sì sun ìdọ̀tí náà. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ, ẹ sá ẹní sí oòrùn gangan. Ẹ fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun ológbò, kí ẹ máa gbọn yọ̀rọ̀ tí ó bá bọ́ sínú omi ọṣẹ. Ẹ ṣe é fún oṣù kan ó kéré tán. Iṣẹ́ ni, n kò ní parọ́ fún yín.

Ti ìdun kò yàtọ̀ púpọ̀: omi híhó sí ojú ìsán ibùsùn onígi, kí a sì fi amọ̀ dí ihò ara ògiri. Aáyán ní tirẹ̀, ebi ni ẹ ó fi lé e. Ẹ má fi abọ́ àìfọ̀ sílẹ̀ di òwúrọ̀. Ẹ fi epo ra ọrùn ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò nínú, kí ẹ sọ búrẹ́dì díẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí aáyán bá wọlé, yóò máa yọ̀ ṣubú, kò ní lè jáde.

Ẹ má rò pé ikú ológbò kéré. Ní ìlú San Joaquín, ní ilẹ̀ Bolivia, wọ́n fi oògùn DDT fọ́n ilé nítorí ẹ̀fọn. Púpọ̀ nínú ológbò ìlú náà kú. Eku igbó wọ inú ilé, ìtọ̀ wọn sì kó àrùn ìbà ẹlẹ́jẹ̀ ran ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ni ó kú kí wọ́n tó fi pańpẹ́ kó eku náà kúrò ní ọdún 1964, kí àrùn náà tó dáwọ́ dúró. Àwa náà ní ibà Lassa tí eku ń gbé kiri. Ó jà ní Tanguiéta ní ọdún 2014, ó sì jà ní Tchaourou ní ọdún 2016.

Bí oògùn bá ti kan ológbò yín, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má fún un ní wàrà. Epo lè ṣèèṣì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń mú kí májèlé mìíràn tètè wọ ara. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́ kíá. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ tẹ́ ẹ sí ibi tí kò sí ariwo, kí ẹ ránṣẹ́ pe oníṣègùn ẹran. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ni ó gbé e mu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ, ẹ mú ìgò oògùn náà dání.

Ìgò kan tún kù. Lára ìgò òtítọ́, ìwé wà, ọ̀já aláwọ̀ sì máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ìwé náà. Pupa ni ó burú jù, yẹ́lò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni aró, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọ̀ ewé. Ìwé náà kì í ṣe Yorùbá, Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ lẹ́tà. Ẹ wá P, E, R, M ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ wá D, I, C, H. Lẹ́tà C yẹn kò sí nínú a-b-d tiwa, ó rí bí òṣùpá tí ó ṣẹ́ kù díẹ̀. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ dá ìgò náà padà fún ẹni tí ń tà á. Ní kíláàsì ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù da ohun tí ó wà lára ìgò ilé rẹ̀ kọ sórí ìwé, kí ó mú un wá, kí a jọ kà á. Ìwé nìkan ni kí ẹ mú wá o, ẹ fi ìgò sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọ kò tó.