Òǹtẹ̀ Ìdí Ọ̀bẹ: Ta Ló Ṣe É, Níbo Ló sì Ti Wá?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ iléèwé wa àtijọ́

  Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni n óò sọ, nítorí pé oníròyìn ni mí. Ó tì o. Ọ̀bẹ ni mo mú wá. Kí ẹnikẹ́ni má sá. Ọ̀bẹ kékeré tí à ń ṣẹ́ po sínú àpò ni, ìwo ni wọ́n fi ṣe èèkù rẹ̀, ó sì ti dáyé tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi.

Bàbá bàbá mi ló ni ín. Gírédà kòkó ni wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ olóko kòkó mọ iṣẹ́ yẹn: wọn á bu kóró kòkó díẹ̀ nínú àpò, wọn á fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á wò ó bóyá ó ti bu tàbí kòkòrò ti jẹ ẹ́, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ mọ́ àpò náà. Ọ̀bẹ yìí ni wọ́n fi ń là á. Nígbà tí wọ́n lọ, ó bọ́ sọ́wọ́ bàbá mi, bàbá mi a sì máa sọ pé, "Rodgers ti Ṣẹ́fíìdì nìyẹn, kì í ṣe ayédèrú." Bàbá mi jáde láyé ní 2016. Lọ́jọ́ tí a ń pín ẹrù wọn, ẹ̀gbọ́n mi ní ayédèrú ni, pé àwọn ará Jámánì ló ń ṣe irú rẹ̀ tà fún àwọn baba wa. Mo ní bàbá wa kò lè purọ́ fún wa. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí òǹtẹ̀ nìyẹn.

Òǹtẹ̀ tí mò ń wí wà ní ìdí irin ọ̀bẹ, níbi tí irin ti wọ inú èèkù; ẹ ní láti ṣí ọ̀bẹ kí ẹ tó rí i. Ní Ṣẹ́fíìdì, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ní 1624 ni àwọn aṣòfin fi òfin dá ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ibẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Company of Cutlers in Hallamshire. Ẹgbẹ́ yìí ló ń fún alágbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìràwọ̀ àti àgbélébùú Malta ni àmì Joseph Rodgers. I*XL ni ti George Wostenholm. Ẹ kà á sókè lédè Òyìnbó, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń fọ́nnu. Àwòrán sì wúlò fún ẹni tí kò mọ̀wé. Àgbẹ̀ wa tí kò ka a-bí-dí rí á mọ àdá Martindale ti Birmingham, àwòrán ọ̀nì ara rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n.

Ibi tí orúkọ bá ti ń tà, ayédèrú kì í jìnnà síbẹ̀. Solingen ní Jámánì, ìlú ọ̀bẹ lòun náà láti ayébáyé. Ní 1731 ni Peter Henckels ti fi àmì ìbejì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ (ẹ má rò pé ará Ìgbó-Ọrà ni o). Àmọ́ nígbà tó yá, àwọn kan ní Jámánì ń lu orúkọ Ṣẹ́fíìdì mọ́ ọ̀bẹ wọn. Àwọn ará Ṣẹ́fíìdì figbe bọnu, òfin Merchandise Marks Act sì jáde ní 1887: ọjà òkèèrè tó bá gbé orúkọ tàbí àmì tó jọ ti Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Bí "Made in Germany" ṣe dé nìyẹn. Wọ́n fẹ́ fi dójú ti àwọn ará Jámánì ni. Nígbà tó pẹ́, òun gan-an làwọn èèyàn ń wá kí wọ́n tó sanwó. Ó yẹ kó yé àwa tí à ń wọ bàtà tí wọ́n rán ní Abà, tí wọ́n sì kọ "Italy" sí i.

Ti Amẹ́ríkà ló wá di òṣùwọ̀n fún àwọn tó ń kó ọ̀bẹ jọ. Òfin owó ẹnubodè tí McKinley gbé wá ní 1890 sọ pé, láti 1891, ọjà tó bá wọlé gbọ́dọ̀ gbé orúkọ ilẹ̀ tó ti wá. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí "Germany" tàbí "England" lára ọ̀bẹ, wọ́n á ní ẹ̀yìn 1891 ni. Kò burú. Ohun tó burú ni kí ẹnìkan yí i sódì, kó ní gbogbo èyí tí kò ní orúkọ ilẹ̀ ti wà ṣáájú 1891. Òfin Amẹ́ríkà kẹ̀! Ọ̀bẹ tí wọ́n kó wá sí Èkó, kí ló kàn án pẹ̀lú aṣọ́bodè New York?

Àwọn Case, ilé-iṣẹ́ kan ní Bradford, Pennsylvania, ló mú un rọrùn jù. Láti 1965 dé 1969, "U.S.A." ni wọ́n ń lù sábẹ́ orúkọ wọn. Ní 1970 wọ́n fi àmì roboto mẹ́wàá, kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́, sí i, wọ́n sì ń yọ ẹyọ kan lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ka méje mọ̀ pé 1973 ni. Àwọn àgbàlagbà ń wá gbogbo rẹ̀ pé bí a ṣe ń ṣa ìdérí mínírà nígbà èwe wa.

Ibi tí ìjà wọn wà nìyí. Àwọn kan ní òǹtẹ̀ ni ohun gbogbo. Bí kò bá sí òǹtẹ̀, kò sówó. Àwọn kejì ní, ẹ rọra o: ẹnikẹ́ni tó bá ní irin òǹtẹ̀ lè lù ú, wọ́n lè pààrọ̀ ojú ọ̀bẹ, àti pé oníṣòwò ńlá a máa ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ pé kó bá òun lu orúkọ òun sí ọ̀bẹ tí òun kò fọwọ́ kàn rí. Ṣí i ná, fetí sí ìró rẹ̀ nígbà tó bá padé, wo bí irin ṣe bá ìwo mu, kó o tó kàwé. Ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí ni mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù mí kí wọ́n jàre nítorí ọ̀bẹ tèmi.

Ọ̀rọ̀ Schrade tún dá kún un. Ilé-iṣẹ́ wọn ní Ellenville, New York, kógbá wọlé ní 2004, wọ́n ta orúkọ náà, ọ̀bẹ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn sì ń ti China wá. Àwọn kan ní òkú ni wọ́n ń pè lórúkọ. Ní tèmi, ẹni tó ka orúkọ ilẹ̀ kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ẹni tó ka orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan ni mo káàánú. Ẹ tún wo Okapi. Jámánì ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1902, fún àwọn ilẹ̀ tí Jámánì ń jọba lé lórí ní Áfíríkà, tí Tógò wà lára wọn nígbà náà. Láti nǹkan bí 1988, South Africa ni wọ́n ti ń ṣe é. Èwo wá ni ojúlówó nínú méjèèjì?

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́. Nígbà tí a wà ní JSS 2, ọ̀gá wa tó kọ́ wa ní Ìntró-Tẹ́ẹ̀kì fi bí a ṣe ń fi sáńpépà dán irin hàn wá. Wọ́n jókòó síwájú yẹn, mi ò bá wọn jà. Ìgbà tí a gba ọlidé, mo fẹ́ ṣe ohun tó máa dùn mọ́ bàbá mi nínú. Mo jí ọ̀bẹ náà mú lórí tábìlì, mo fá a títí ó fi ń kọ mànà bíi jígí. Bàbá mi ṣí i, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "O ṣeun," wọ́n dá a padà sápò. Láti ọjọ́ náà, wọn kò tún ṣí òǹtẹ̀ rẹ̀ hàn ẹnikẹ́ni lójú mi.

Ohun tó kù níbẹ̀ ni ìràwọ̀ kan àti "GERS". Àgbélébùú ti lọ. Ìlà tí orúkọ ìlú ì bá wà ti lọ. Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni méjì tó ń kó ọ̀bẹ jọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan ní pẹ̀lú bí wọ́n ṣe to ìdí rẹ̀, òun gbà pé Ṣẹ́fíìdì ni. Èkejì ní àwọn tó ń fara wé Rodgers pọ̀ jù, pé ìràwọ̀ kan ṣoṣo kì í jẹ́rìí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé ẹni tó fá ìdí ọ̀bẹ náà ló bà á jẹ́.

Kérésì tó kọjá, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé èmi ni mo pa ẹlẹ́rìí bàbá wa. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n mú ọ̀bẹ náà wá, wọ́n fi bó ọsàn, wọ́n gé ìdajì fún mi.

Ọ̀bẹ náà nìyí lórí tábìlì. Ẹ ṣí i, ẹ gbọ́ bó ṣe ń padé. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi nù ún.