Ohùn Tí Ó Rìn Láti New York Dé San Francisco



Bí iná mànàmáná bá ń gba inú wáyà lọ sí ọ̀nà jíjìn, ńṣe ni ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Ti tẹligíráàfù kò le. Kọ́-kọ́-kọ́ lásán ni. Irin òòfà kan lójú ọ̀nà á gbà á, á fi bátìrì tuntun tì í síwájú. Ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀. Bí ó bá dàrú, ọ̀rọ̀ bàjẹ́ nìyẹn. (Ẹ̀yin onímọ́tò, ṣé ọkọ̀ ni ẹ ń wà ni àbí ọkọ́?)

Gílóòbù tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Lee de Forest ti ṣe irú rẹ̀ ní 1906, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tán. Harold Arnold àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fún AT&T ló fa ìyókù jáde. Ohùn tí ó ti rẹ̀ á wọlé, á máa darí iná ńlá láti bátìrì, bí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà ṣe ń darí ẹ́ńjìnnì lọ́rì. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń fa ẹrù.

Wọ́n gbé e sí Pittsburgh, Omaha àti Salt Lake City. Ní ọjọ́ 25 oṣù January, 1915, Alexander Graham Bell ní New York bá Watson sọ̀rọ̀ ní San Francisco.

Orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú ìwé. Òpó 130,000 ló gbé wáyà náà. Ta ni ó gbẹ́ ihò wọn?

Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 3, dọ́là 20 àti sẹ́ǹtì 70. Ní 1914 Ford kéde dọ́là 5 lóòjọ́, ariwo sì gba ìlú pé owó ńlá ni. Ẹni tí ó ń gba owó ńlá yẹn á ṣiṣẹ́ ọjọ́ 4, á tún ku sẹ́ǹtì 70.