Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Tí A Fi Palẹ̀ Ẹrù Mọ́ ní Kumasi

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí pípadà sílé láti ìdálẹ̀. Mo sọ fún akọ̀wé pé èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ó ní ohun tí ojú mi rí ni ẹgbẹ́ ń fẹ́. Ohun tí ojú mi rí náà ni n ó sọ.

Kumasi ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Ghana. Bàbá mi ti Ọ̀fà lọ síbẹ̀ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Gold Coast. Ẹni tó bá lọ nígbà náà kò rí ara rẹ̀ bí ẹni tó kọjá sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Wóróbo ni bàbá mi fi bẹ̀rẹ̀: abẹ́rẹ́, òwú, díńgí, ìyarun. Ó gbé e lérí, ó ń kiri. Nígbà tí wọ́n fi máa bí mi, ó ti ní ìsọ̀ ní ọjà ńlá Kumasi, ìyá mi náà sì ní tirẹ̀, aṣọ ló ń tà. Alata ni àwọn onílùú ń pè wá, àwọn mìíràn a ní Anago. Títí di òní, alata samina ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú ní Ghana, ẹ ò rí i pé orúkọ wa kò kúrò níbẹ̀.

Ọmọ ọdún 12 ni mí ní ọdún 1969. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ni ìjọba Ọ̀mọ̀wé Kofi Busia kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó fi Ghana sílẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ni gbèdéke. Ìjọba náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta lórí oyè. Iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ wọn, gbèsè wà lọ́rùn ìlú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wí pé àlejò ló gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí bàbá wa kò fi gba ìwé. Ẹ̀yin ará, kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí ni. Ó ń san owó orí, ó ń san owó ìsọ̀, ó ti kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà. Ta ni yóò máa gba ìwé àṣẹ kó tó wọ ilé ara rẹ̀? Ìgbà tí ìkéde jáde ló tó lọ tò sí ìlà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi tò, láti ìdájí, kò rí iwájú tábìlì.

Oṣù ààwẹ̀ la wà. Ẹ fojú inú wò ó: ènìyàn jí sààrì, ó lọ tò sínú oòrùn láìmu omi, ó padà wálé láti wá díye lé ẹrù. Láti ọ̀sán ni àwọn olùrà ti máa ń dé, wọn a wọ yàrá, wọn a máa tẹ bẹ́ẹ̀dì wò. Bẹ́ẹ̀dì onírin tí bàbá mi fi ọdún kan kówó jọ rà lọ ní iye tí kò ra àpò ìrẹsì. Kì í ṣe pé wọ́n burú o. Wọ́n mọ̀ pé a kò lè gbé e, àwa náà mọ̀.

Ọ̀ràn gbèsè ló le jù. Ìyá mi ní ìwé kan tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bá a kọ, gbogbo àwọn tó ra aṣọ láwìn ni orúkọ wọn wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a jọ ń lọ láti ilé dé ilé. Àwọn kan rí wa lókèèrè, wọ́n wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn. Obìnrin kan ní kí ìyá mi padà wá lẹ́yìn ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, ó sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mọ́ wọn: àwọn mìíràn fúnra wọn wá ní alẹ́, wọ́n di owó sí ṣónṣó aṣọ, wọ́n ń sunkún. Àlàgbà kan san gbèsè ọmọ rẹ̀ tó ti kú.

Ìyá mi náà jẹ gbèsè. Sídì 84 ni, owó ọjà tí oníṣòwò kan kó fún un. Ní ọjọ́ kẹwàá, owó tó wà nílé kò ju ìyẹn lọ púpọ̀. Bàbá mi ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ta ni yóò tọ̀ ọ́ dé Ọ̀fà wá gba sídì 84? Wọ́n jẹ ọ́ ní ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀." Ìyá mi ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ má bínú. Ẹnu ààwẹ̀ ni mo wà. N kò lè fi owó olówó ṣínu." Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, ó so owó náà mọ́ ìdí, ó lọ san án, ó gba ìwé ẹ̀rí. Inú mi kò dùn sí i nígbà náà, nítorí bàtà tuntun tí wọ́n ṣèlérí fún mi wà nínú owó yẹn.

Ilé ńkọ́? Aládùúgbò wa kan, ọmọ Asante, tí gbogbo wa ń pè ní Wofa bí ẹni pé àbúrò ìyá wa ni, ló gba kọ́kọ́rọ́. Kò sí ìwé kankan láàárín òun àti bàbá mi, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ìwé nígbà tí wọ́n ta ilẹ̀ fún bàbá mi. Ọtí àti ẹlẹ́rìí ni wọ́n fi ṣe é. Wofa gba owó ilé fún oṣù mẹ́rìnlá, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, kọ́bọ̀ kò dín. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹbí onílẹ̀ dìde pé àwọn kò ta ilẹ̀ fún àlejò, ilé sì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé ní Jos níbí, tí ìwé ilẹ̀ yín jẹ́ ìwé tí baálé àdúgbò fọwọ́ sí, mo rí yín. Mo fi tèmi pamọ́ sí báńkì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti fẹ́ kápẹ́ńtà kan, ọmọ Ghana, oyún sì wà nínú rẹ̀. Kò lè bá wa lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, ìyá mi kọ́kọ́ lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí, níbi tí àbúrò mi kan wà, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé ibùdókọ̀, kò wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, orí rẹ̀ ló kàn fọwọ́ bà. Wofa ló ń sọ pé "Nante yie, nante yie", èyí tí í ṣe pé kí a rìn dáadáa.

Ti ọ̀nà kò gùn lẹ́nu mi. Lọ́rì onípákó ni, orí ẹ̀rọ ìránṣọ wà láàárín ẹsẹ̀ mi láti Kumasi dé Accra, a gba afárá Sogakope kọjá, a dé Aflao. Alẹ́ mẹ́ta la sùn sí ẹnubodè lórí ẹní, gààrì la fi ń ṣínu. Nígbà tí a wọ Togo, mo pariwo pé dírẹ́bà ti ṣìnà, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òsì ni ti Ghana àti ti Nàìjíríà nígbà náà. Èyí ni gbogbo ẹ̀rín tí a rín lọ́nà. A la Dahomey, tó di Benin ní 1975, kọjá, a wọlé ní Ìdírókọ̀. Ogun abẹ́lé kò tíì parí. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bá wa ní Ọ̀fà nínú yàrá kan ṣoṣo, àwa méje. Àwọn ọmọ ilé ń fi Yorùbá ẹnu mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní "ará Gánà". Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Jos láti wá kọ́ṣẹ́.

Mo rò pé ìtàn náà ti parí. Lẹ́yìn tí owó epo dé, ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ wá bá wa ní Jos, iṣẹ́ kápẹ́ńtà sì ń lọ dáadáa. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì. Ghana sì ti ti ẹnubodè tirẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú, ó di ìparí oṣù náà kí wọ́n tó ṣí i. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ni a fi orúkọ wọn pè, tí a ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí di òní nínú ọjà. Ẹ̀gbọ́n mi ìbá dúró, ọmọ Ọ̀fà ni, ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan níwájú yín. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi náà wọ yàrá ọmọ Ghana mìíràn ní àdúgbò wa, mo ṣí fíríìjì rẹ̀, mo tì í, mo ní ogójì náírà ni mo ní. Ó tó igba. Ó wo ojú mi, ó gbà á. Ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi nígbà náà, rí i nígbà tí wọ́n ń gbé e wọlé. Ó bi mí ní iye tí mo rà á. Mo sọ fún un. Ó wọ inú yàrá, ó kó owó wá, ó ní, "Lọ fún ọmọ ọlọ́mọ ní ìyókù." Mo sáré dé ibùdókọ̀. Ọkọ̀ wọn ti lọ.

Fíríìjì náà ṣiṣẹ́ fún mi títí di ọdún 1994. Ìyá mi kò mu omi inú rẹ̀ rí títí ó fi kú.