Àwòrán Akólòlò Nínú Sinimá àti Tẹlifíṣàn

 

Òwe kan wà tí bóyá ni ọmọ Yorùbá kan kò fi mọ̀ ọ́n: bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n fún iṣẹ́ tí mo gbé wá lónìí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú u wò. Òwe náà kò sọ pé a ó wo akólòlò sàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé yóò ṣíwọ́ ìkólòlò. Ohun tí ó sọ ni pé yóò pe baba, àti pé ó lè pẹ́ kí ó tó pè é. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà sì yàn fún un kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó rọrùn. Kọ́ńsónáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ sílébù méjèèjì nínú ‘baba’ jẹ́ àṣénupè. Ètè méjèèjì ní láti pàdé, kí wọ́n sé èémí mọ́, kí ìró tó jáde. Irú ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń há mọ́ akólòlò lẹ́nu. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti tẹ́tí sí akólòlò dáadáa. Àní orúkọ náà pàápàá ń kólòlò: ẹ gbọ́ ‘lòlò’ tó wà ní ìparí rẹ̀.

Ìlú tí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ìlú odídẹrẹ́ ni. Kò sí ẹni tí yóò dárúkọ Ìwó tí kò ní rántí ẹyẹ náà. Odídẹrẹ́ mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ, ṣùgbọ́n ìró ni ó ń gbé, kì í gbé ìtumọ̀. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn, nítorí pé n óò padà sórí rẹ̀.

Kí ni ìkólòlò? Àwọn onímọ̀ sọ pé nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 100 àgbàlagbà lágbàáyé ni ó ń kólòlò. Nínú àwọn ọmọdé, nǹkan bí 5 nínú 100 ni yóò kólòlò nígbà kan, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 2 sí 5, nígbà tí ọmọ ń kó ọ̀rọ̀ jọ. Láàárín àwọn àgbà, ọkùnrin tó ń kólòlò pọ̀ ju obìnrin lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kéde àyípadà kan tí wọ́n rí nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní AP4E1 lára ẹbí ńlá kan ní Cameroon, tí akólòlò pọ̀ nínú rẹ̀. Ìkólòlò kì í ṣe àìgbọ́n, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn ń purọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà yọ. Ẹnu lè máa tún sílébù kan pè léraléra. Ó lè fa ìró kan gùn. Èyí tó le jù ni ìhá: ọ̀rọ̀ ti wà lọ́kàn, ètè ti múra, èémí ti gbéra, ṣùgbọ́n ìró kankan kò jáde. Ibí yìí ni mo fẹ́ pe odídẹrẹ́ padà. Ohun tí odídẹrẹ́ bá gbọ́ ni ó lè sín jẹ. Òṣèré tó ń ṣe akólòlò nínú eré wa, àtúnpè nìkan ni ó ń gbọ́, nítorí náà àtúnpè nìkan ni ó ń ṣe: ‘mo-mo-mo-mo’. Ìdákẹ́ tí ọ̀rọ̀ há sí, kò gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, inú ìdákẹ́ yẹn ni akólòlò ń gbé.

Ohun mìíràn tún wà tí etí òǹwòran kì í bá pàdé. Akólòlò tó mọ ara rẹ̀ máa ń rí ọ̀rọ̀ tí yóò há kí ó tó dé ibẹ̀, a sì fi òmíràn dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè fi òmíràn dípò orúkọ ara rẹ̀? Ní àwùjọ tiwa pẹ̀lú, ta ni ó lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn dípò ‘Ẹ káàárọ̀’? Ọmọ kan dọ̀bálẹ̀ níwájú àgbà, ìkíni há sí i lẹ́nu, ó dákẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àgbà tí kò mọ̀ yóò ní ilé ni wọn kò ti kọ́ ọ. N kò tíì rí sinimá Yorùbá kan tó fi èyí hàn, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni.

Báwo ni akólòlò ṣe dé inú eré wa? Eré ìfiniṣẹ̀fẹ̀ kì í ṣe tuntun nílẹ̀ yìí. Nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Britain, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ó wo eré níwájú Aláàfin, ó sì rí agọ̀ tí wọ́n fi ń sín òyìnbó bíi tirẹ̀ jẹ. Joel Adédèjì, ẹni tó fi eré alárìnjó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969, ni ó la ọ̀nà fún gbogbo wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọ̀jẹ̀ ní agọ̀ ọ̀mùtí, ti pańṣágà, ti Tápà, títí kan ti adẹ́tẹ̀. N kò ní tan yín pé àwọn baba wa kò fi alábùkù ara ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n agọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, agọ̀ sì nílò ohun tí ojú ń rí. Ìkólòlò kò ní ìrísí. Èrò tèmi ni pé ìgbà tí eré di ọ̀rọ̀ ẹnu, tí rédíò àti tẹlifíṣàn sì gbé ọ̀rọ̀ ẹnu náà wọlé, ni akólòlò tó di ẹni tí a ń sín jẹ ní gbangba.

Àìní ìrísí yìí kan náà ni kò jẹ́ kí ó rí ààbò. Abuké, afín, arọ, ẹni òrìṣà ni wọ́n. Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ń wá ìjà òrìṣà. A kì í sábà ka akólòlò mọ́ wọn. Ààbò kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó ní ni èèwọ̀ tí àwọn ìyá fi ń dẹ́rù ba ọmọ. Ní ilé tí a ti tọ́ mi, bí ọmọdé bá sín akólòlò jẹ, wọn yóò ní, “Dákẹ́ o, ìwọ náà yóò di akólòlò.” Kì í ṣe òtítọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ṣùgbọ́n ó wúlò púpọ̀.

Tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, àwọn aláwàdà sì tètè gba ibẹ̀. Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀ (1936–2018), Baba Sàlá wa, ni àgbà nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Baba Sàlá fi ń pa wá lẹ́rìn-ín: ọrùn-tíì tó tóbi bí ìyẹ́ ẹyẹ, gíláàsì tí kò ní dígí, aago alárọ̀ọ́mù tí ó gbé kọ́ àyà. Ó gbé gbogbo rẹ̀ wọ̀ fúnra rẹ̀. Nínú Ọ̀run Mooru (1982), ojúkòkòrò ni ó gbé e ṣubú, a sì ń fi ojúkòkòrò tiwa rẹ́rìn-ín. Àwàdà nìyẹn. Ẹni tó wọ aago sáyà lè bọ́ ọ sílẹ̀.

Nígbà tí sinimá àgbéléwò gbòde ní ọdún 1990 sókè, eré ní láti yá, kí owó tó tán. Ibẹ̀ ni akólòlò ti di irinṣẹ́ aláwàdà. Kúnlé Adétòkunbọ̀, tí àwọn òǹwòran mọ̀ sí Dejo Tunfulu, tó di olóògbé ní 2022, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ tó ń kọsẹ̀ lẹ́nu sọ di ìlúmọ̀ọ́ká. Òṣèré tó mọṣẹ́ ni, n kò sì bá òun jà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá wí. Ẹ óò ti rí i: ilé ń jó, tàbí ọlọ́pàá ń bọ̀, akólòlò ni wọn yóò rán níṣẹ́. Yóò sáré dé, yóò bẹ̀rẹ̀ sí tún sílébù pè, wọn yóò gbá a lẹ́yìn, wọn yóò ní kí ó fi orin sọ ọ́. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ akólòlò kì í kólòlò bí wọ́n bá ń kọrin, tàbí bí wọ́n bá ń ka nǹkan pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ta ni ó fẹ́ máa fi orin ra búrẹ́dì?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé tiwa nìkan ni. Nínú A Fish Called Wanda (1988), Michael Palin ṣe akólòlò tí ẹnìkejì ń fẹ́ gba orúkọ hótẹ́ẹ̀lì kan lẹ́nu rẹ̀ ní kíákíá. Eré náà kan náà ni. Baba Palin fúnra rẹ̀ kólòlò. Inú àwọn akólòlò kan kò dùn sí fíìmù náà, ṣùgbọ́n ní 1993, a ṣí ibùdó kan ní London fún àwọn ọmọdé tó ń kólòlò, Palin sì jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun pè é.

Ìtàn tó dùn mí jù ni ti Porky Pig, ẹlẹ́dẹ̀ inú àwòrán-erin tí àwọn ọmọ wa ń wò ní tẹlifíṣàn. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ohùn fún un ní 1935 ni Joe Dougherty, akólòlò gidi. Ṣùgbọ́n kò lè pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti há, gbígba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ń pẹ́, ó sì ń jẹ owó. Ní 1937, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Mel Blanc, ẹni tí kì í kólòlò. Akólòlò pẹ́ jù láti ṣe akólòlò. Odídẹrẹ́ yá jù ú lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwàdà lásán ni.” Mo kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan rí, ọkùnrin, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Bí ó bá kọ àròkọ lórí ìwé-ìtàn, èmi olùkọ́ rẹ̀ máa ń kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi iṣẹ́ kan. Wọ́n ní kí ó sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì há. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó dárúkọ aláwàdà kan, ó ní ṣé ọmọ rẹ̀ ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà sọ fún mi pé ẹ̀rín wọn kò dun òun tó bí ó ṣe dun òun pé òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọn kò gbà á síṣẹ́. Mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé àwọn ènìyàn náà kò kórìíra rẹ̀. Sinimá ti kọ́ wọn ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe bí akólòlò bá lanu; wọ́n sì ṣe é.

Àwọn tí kò fi ìkólòlò pani lẹ́rìn-ín máa ń fi í ṣe ìwòsàn. The King's Speech (2010) ni ó ga jù nínú wọn. David Seidler tó kọ ọ́ ti kólòlò ní kékeré, èyí sì hàn nínú iṣẹ́ náà. Ọba George Kẹfà ni ó dá lé, ọba tó ń ṣàkóso ilẹ̀ yìí nígbà náà, àti Lionel Logue, ará Australia tó kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́rin ní 2011, ó sì tọ́ sí i. Ó ní sùúrù. Ó jẹ́ kí ìdákẹ́ dún. Síbẹ̀, ibi tí ìtàn náà ń lọ ni ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án 1939, nígbà tí ọba sọ̀rọ̀ ogun lórí rédíò, tí orin Beethoven sì gbé e débi ìṣẹ́gun. Èrè tí ìtàn náà fún un ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ kọsẹ̀ mọ́. Akólòlò tí kò rí owó olùkọ́ san ńkọ́?

Ẹ wo Mósè, tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ìlú yìí jọ mọ̀. Bíbélì ní ahọ́n rẹ̀ wúwo. Nínú Sura Tá Há ti inú Kùráánì, ó bẹ Ọlọ́run kí ó tú kókó tó wà ní ahọ́n òun. Nínú Bíbélì, Ọlọ́run kò pààrọ̀ ahọ́n rẹ̀. Áárónì ni ó fi kún un. Ṣùgbọ́n nínú The Ten Commandments tí Cecil B. DeMille ṣe ní 1956, Charlton Heston ń bú bí àrá. Hollywood kò lè fojú inú wo wòlíì tí ọ̀rọ̀ ń há mọ́ lẹ́nu.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ The King's Speech, ibi ayẹyẹ Wembley ní 1925, kámẹ́rà kúrò lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó lọ sójú àwọn tó ń gbọ́. A rí wọn bí wọ́n ti ń wolẹ̀, tí wọn kò mọ ibi tí wọn yóò kọjú sí. Kámẹ́rà tiwa, inú ẹnu akólòlò ni ó máa ń tẹjú mọ́, bí ẹni ń wá eyín tó jẹrà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tíátà bá fẹ́ kọ eré, mo ní ìran kan fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ ìdána ni. Baba ìyàwó, akólòlò, fẹ́ wúre fún ọmọ rẹ̀. Alága ìjókòó fẹ́ bá a parí rẹ̀, ìyàwó dì í lọ́wọ́ mú. Baba wúre náà tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú gbogbo ibi tó há, ilé sì ń ṣe àmín níbi tó yẹ. Kò sí orin lábẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó wò ó sàn, ẹ̀yìn náà ni wọ́n gbé oúnjẹ wá. Mo kà á sókè ní ilé pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni ó gbà.